Ìbẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ́

Àwọn kan wà tí wọn kì í ka ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú díẹ̀ sí ayò gidi. Lójú wọn, ìkánjú lásán ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù ni yóò pa ẹnìkejì. N kò bá wọn gbà, ayò kan ṣoṣo ni mo sì fi ń jiyàn: èyí tí Magnus Carlsen ará Nọ́wè àti Fabiano Caruana ará Amẹ́ríkà ta ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, ọdún 2018.

Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí du ipò olórí àgbáyé, ẹ̀ẹ̀mejìlá náà ni wọ́n ta ọ̀mì. Ní ìgbà ìkẹyìn, Carlsen fi ọ̀mì lọ ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ gan-an wà lókè. Kasparov, olórí àgbáyé àtijọ́, wí ní gbangba pé ó jọ pé àyà rẹ̀ ti ń já. Ó wá ku ayò oníṣẹ́jú 25, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 10 lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Carlsen kò ti ọmọ-ogun àárín. Ti ẹ̀gbẹ́ ni ó tì sí ojú c4: Ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a sọ bẹ́ẹ̀ nítorí Staunton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi í kojú Saint-Amant ará Faransé ní 1843. Àwọn kan a máa pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ ojo. Ojo wo? Ẹni tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kò sá fún àárín. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀tá dúró sí ni. Nígbà tí yóò fi di ìgbésẹ̀ kẹrin, ọmọ-ogun rẹ̀ ti wà lójú e4.

Ní ìgbésẹ̀ 13 àwọn ayaba ti kúrò lójú ọpọ́n, ìdákẹ́jẹ́ sì dé. Òpin rẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi jù. Ilé-ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣẹ́kù fún wọn, pẹ̀lú ọba àti ìwọ̀nba ọmọ-ogun. Ní ìgbésẹ̀ 37 ọba Caruana jẹ ọmọ-ogun e4, ó sì tún jẹ ti f5. Ẹni tí ó mọ ayò ọlọ́pọ́n mọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń jẹun ni ilé-ìṣọ́ Carlsen kó ti g7 àti ti h5, tí ọmọ-ogun funfun méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọba wọn ń bá wọn lọ. Ọmọ-ogun dúdú kan ṣoṣo sáré dé a2, ó dúró síbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Caruana túúbá ní ìgbésẹ̀ 55.

Bóyá wákàtí kan sí i ìbá fi ọ̀nà ọ̀mì hàn án. Ṣùgbọ́n aago kan náà ni ó ń lu fún àwọn méjèèjì, ẹni tí wọ́n ní àyà rẹ̀ ń já ni kò sì kánjú. Carlsen gba ayò méjì tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. N kì í sábà padà sí àwọn yẹn.