Ọnà Ẹ̀gún: Akeredolu Ọ̀wọ̀ àti Àwọn tí Ń Ya Sinimá Oníṣẹ́ Ọnà

Nígbà tí àwọn oní-sinimá bá fẹ́ fi ìgbésí ayé oníṣẹ́ ọnà kan hàn wá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbà. Wọn a kọ́kọ́ fi ìyà tí ó jẹ hàn, wọn a fi bí ayé ti fi í ṣẹ̀sín hàn, wọn a sì fi ìyìn parí rẹ̀. Omijé a bọ́ lójú olùwòran, ṣùgbọ́n kò ní í mọ ohun tí ọwọ́ ẹni náà ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1915, dán irú sinimá bẹ́ẹ̀ wò.

Òun ni ó dá ọnà ẹ̀gún sílẹ̀ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ẹ̀gún igi àtà àti ti àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún mìíràn ni a fi ń ṣe é. Òmíràn funfun bí eyín erin, òmíràn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn sì rí bí awọ igi gbígbẹ. Wọn kì í tóbi púpọ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ gbẹ́ obìnrin tí ń gún iyán, a ó gbẹ́ ènìyàn lọ́tọ̀, a ó gbẹ́ odó lọ́tọ̀, a ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ohun ìṣeré tí àlejò ń rà lọ sílé ni. Mo gbà pé àlejò ni ó ń rà á jù. Ṣùgbọ́n ta ni ó ra eyín erin tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ gbẹ́ láyé àtijọ́? Àwọn onímọ̀ gbà pé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ààfin Bìní. Ẹni tí ó rajà kọ́ ni yóò sọ bí ọnà ti dára tó.

Àléébù tí mo rí yàtọ̀ sí èyí. Ojú ènìyàn inú ẹ̀gún kéré jù láti gba ìbànújẹ́ tàbí ìbínú. Ìdúró rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀ dáadáa, a ó mọ bí ẹrù ti wúwo tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò rí èyí. Wọ́n di ọmọ odó mú, wọ́n gbàgbé ẹ̀yìn.

Ohun kan tún wà tí sinimá olómijé kò ní í lè gbà. Akeredolu kan náà tí ó dá ọnà tuntun ni ó wá di olùtọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀, ìlú tí Ekpo Eyo ti wú àwọn ère amọ̀ àtijọ́ jáde ní Igbo'Laja ní 1971. Kò bá àtijọ́ jà kí ó tó ṣe tuntun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kiri, ẹ má wá omijé. Ìforítì ni kí ẹ̀gún ṣẹ́ lójú ọ̀bẹ kí a sì mú òmíràn. Ẹ ya ọwọ́ náà, kí ẹ má sì kánjú. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.