Mímọ Ẹ̀sìn Yàtọ̀ sí Gbígba Ẹ̀sìn

Ní ọdún 2014 ni ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristi, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀kọ́ ọmọ-ìlú sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ òbí àti ìjọ kọminú sí i, a sì pinnu ní ọdún 2017 pé kí a tún ya ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò láìṣègbè.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí kò ṣàì ní ìdí. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní ìpín 38, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ìlànà tí ó bá fẹ́ da ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn kò gbọdọ̀ fi ààlà yìí sílẹ̀ fún olùkọ́ láti máa méfò.

Ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ náà pẹ̀lú ní àbùkù. Ní Ìkẹjà àti Agége, níbi tí iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ ti kó ènìyàn jọ láti ìlú púpọ̀, ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí a máa jókòó pọ̀ kọ́ ìṣirò. Bí ó bá di ti ẹ̀sìn, wọn a pínyà. Ọ̀kan kò mọ ìdí ààwẹ̀ Ràmàdáánì, èkejì kò mọ ohun tí Lẹ́ńtì jẹ́. Ẹ̀sìn àbáláyé ńkọ́? Kò ní àyè tirẹ̀ nínú méjèèjì. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá kọ́ ọmọ nípa aládùúgbò rẹ̀, ìta ni yóò kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ ìta kì í sì í ṣàì ní ẹ̀gàn nínú.

Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì ti tọ̀ ọ́ rí. Ní ọdún 1948 ni Olumide Lucas, àlùfáà ìjọ wa, tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá. Èrò rẹ̀ pé láti Íjíbítì ni ẹ̀sìn náà ti ṣẹ̀ kò dúró mọ́, ṣùgbọ́n ó wádìí láìsọ ara rẹ̀ di abọ̀rìṣà. Ní ọdún 1949 ni Geoffrey Parrinder, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni ẹ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà ti di ohun tí à ń kọ́ pẹ̀lú Bíbélì.

Nítorí náà, kí olùkọ́ máa wí pé, "Báyìí ni àwọn Mùsùlùmí gbàgbọ́", kí ó má ṣe wí pé, "Báyìí ni kí ẹ gbàgbọ́." Gbólóhùn kejì jẹ́ ti òbí, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ìjọ. Ìjọ tí ó bá sì ń retí kí olùkọ́ ìjọba bá òun ṣe iṣẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.