Ìfura Tí Ó Ṣìnà: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù "The Marriage Circle"

Ní ọdún 1924 ni Ernst Lubitsch, ọmọ Jámánì tí ó ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé fíìmù aláìlóhùn yìí jáde. Ìlú Vienna ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìfura láàárín tọkọtaya ni kókó rẹ̀. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni bí ìfura ṣe di ẹ̀rín láìsí pé ẹnikẹ́ni dá àpárá.

Yorùbá ní ìfura ni oògùn àgbà. Nínú fíìmù yìí, oògùn náà gan-an ni ó ń fa àìsàn. Mizzi ń dọdẹ Dókítà Franz Braun, ọkọ Charlotte, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Mizzi àti Charlotte. Níbi àsè alẹ́ kan, Franz rí i pé káàdì orúkọ òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mizzi. Ó yára pààrọ̀ rẹ̀ kí ó má baà jókòó tì í. Charlotte rí i níbi tí ó ti ń pààrọ̀ káàdì, ó sì gbà pé Omidan Hofer ni ọkọ òun fẹ́ súnmọ́. Ta ni ó wá lọ fi ọ̀rọ̀ náà hàn? Mizzi ni! Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun má ṣe jẹ́ kí Franz ráyè Omidan náà. Ìwà olóòótọ́ ọkọ di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. Aya sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọkọ lé ọdẹ lọ́wọ́.

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín nínú eré-onítàn, gbólóhùn àwàdà ni ó sábà máa ń tò jọ, ọ̀pọ̀ ìlànà ìmáàkì sì fara mọ́ ọn. Kí ni irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ yóò tò jọ níbí? Káàdì lásán ni. Ohun tí òǹwòran mọ̀ tí Charlotte kò mọ̀ ni ẹ̀rín wà. Ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ta ni ó mọ̀, ta ni kò mọ̀, ìgbà wo ni àwa òǹwòran sì ti mọ̀?

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà dára púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stock, ọkọ Mizzi, wọ ìbọ̀sẹ̀, ó rí i pé ó ti lu. Ó ṣí ibi tí aṣọ rẹ̀ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ti ìyàwó rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. A ti mọ irú ilé tí a wọ̀. Stock náà ń fura, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn sí i ni, nítorí ẹ̀rí tí yóò fi kọ ìyàwó ni ó ń wá. Adolphe Menjou, tí ó ṣe Stock, mọ ẹ̀rín músẹ́ yẹn í rín.

Mizzi ni kò tẹ́ wa lọ́rùn tó. Ọdẹ ni ó bá wọlé, ọdẹ náà ni ó bá jáde. A kò rí ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìparí fíìmù náà wù wá: Charlotte jẹ́wọ́ fún Franz pé òun fẹnu ko Gustav, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, lẹ́nu. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Franz kò gbà á gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín.