Ilé-Ìwé Àárín àti Olórí Rẹ̀

Bí a bá bi òbí kan ní Etioro, tàbí ní Ọ̀kà, tàbí ní Ìkàrẹ́, pé kí ni ó mú un yan ilé-ìwé kan fún ọmọ rẹ̀ ju òmíràn lọ, a ó gbọ́ nípa ilé tí a fi páànù tuntun bò, a ó gbọ́ nípa aṣọ ilé-ìwé tí ó gún régé, a ó sì gbọ́ iye ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò. Ṣàṣà ni ẹni tí yóò béèrè pé: Ta ni ọ̀gá ilé-ìwé náà, kí ni ó sì ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, pàápàá ní ti ilé-ìwé àárín, èyí tí ó wà láàrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti òkè girama. A gbàgbọ́ pé níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ní ilẹ̀ wa, àti pé àìsí olórí tòótọ́ ni ó ń bà á jẹ́ ju àìsí owó lọ.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé jẹ́ 456,600. Ní ọdún kejì wọ́n di 811,432. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá máa ru iṣu bọ̀ láti oko ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó mọ̀wé. Ẹni tí kò bá yin iṣẹ́ náà kò mọ oore.

Ní ọdún kan náà ni a dá ilé-ìwé Módà sílẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ta, fún àwọn tí ó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sì rí ọ̀nà wọ girama. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá jáde ní Módà lè di tísà tàbí akọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń jáde ti ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ kò tó wọn mọ́, ìwé ẹ̀rí náà sì di ohun tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ Banjo, tí ó yẹ ọ̀ràn ẹ̀kọ́ wò ní ọdún 1960 sí 1961, kò fi ọ̀rọ̀ náà bò: àwọn tísà tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ tísà pọ̀ jù ní àwọn ilé-ìwé wa.

Àwọn kan ti ti ibẹ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí wa kò sì jìnnà. Ẹni tí ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà fún ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí a kọ́ ní iṣẹ́ tísà ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 títí di ọdún 1962, òun ni ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ níbẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ó ń wá owó ìrànwọ́ fún àwọn tísà rẹ̀, kí wọn lè lọ kàwé sí i ní Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀gá tí ó bá rán tísà rẹ̀ lọ mọ̀ pé tísà náà lè má padà, tàbí kí ó padà pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó ju ti òun lọ. Olórí tí ó bẹ̀rù èyí kò lè gbé ilé-ìwé ga, nítorí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kì í ga ju tísà tí ń kọ́ ọ.

Nítorí náà ìdájọ́ wa nìyí: gbígbòòrò ọdún 1955 kò burú, ṣùgbọ́n ìjọba lè fi òfin kọ́ ẹgbẹ̀rún yàrá ní ọdún kan, kò lè fi òfin dá ẹgbẹ̀rún ọ̀gá bí ti Imade College ní ọdún kan. Ilé ti dúró kí a tó wá ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀.

Ṣé a ti kọ́gbọ́n? Ní ọdún 1982, ìlànà tuntun tún gbé ọdún mẹ́ta àárín kalẹ̀, èyí tí a ń pè ní JSS, kí ọmọ lè fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ bí ó ti ń fi orí kàwé. A kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọ́n jókòó sínú àpótí wọn, nítorí kò sí iná, kò sì sí tísà tí ó mọ̀ wọ́n lò. Òfin ọdún 2004 sì ti sọ ọdún mẹ́ta yìí di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, kíláàsì ìparí ni ojú ọ̀gá wà, nítorí èsì ìdánwò àṣejáde ni aráyé fi ń yìn ín tàbí bú u. Tísà tí ó dára jù ni a ń fi sí òkè. Ẹni tí ó dé lánàá ni a ń fi sí ìsàlẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún mọ́kànlá wọlé, kò lè ka ojú ìwé kan já geere, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ títí ọdún mẹ́ta fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni a ó máa sọ pé olódo ni.

Ní ìlú ńlá, òbí lè kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ní ìlú kékeré bí Etioro, ọmọ tálákà kò ní ibòmíràn. Ìwà ọ̀gá kan ni ìpín rẹ̀. Nítorí náà a fi ohun mẹ́ta lọ ẹ̀yin olórí ilé-ìwé. Ẹ jókòó lẹ́yìn kíláàsì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ náà tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ fi tísà yín tí ó mọṣẹ́ jù sí ọdún kìíní. Kí ẹ̀yin pàápàá sì máa kọ́ kíláàsì kan, kí ẹ má baà gbàgbé bí ẹfun ti rí lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ń dúró de owó láti Àkúrẹ́ tàbí Àbújá.

Ẹ̀yin tísà, bí ọ̀gá yín kò bá tilẹ̀ wò yín, àwọn ọmọ ń wò yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má tijú láti sọ pé ohun kan kò yé yín. Ẹni tí ó bi léèrè kì í ṣìnà.

Ní Àkùngbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Etioro, yunifásítì kan wà tí ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Ajásin, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kí ó tó di gómìnà. Ọmọ Etioro lè fi ẹsẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì lè wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ta àárín ni yóò pinnu èyí tí yóò jẹ́, ọwọ́ àwọn tí a fi ṣe olórí ni ọdún mẹ́ta náà sì wà.