Òkè tàbí Ọ̀gbun? Ọ̀rọ̀ lórí "Cliff" nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí í máa da àwọn ògbufọ̀ Yorùbá láàmú. Èyí ni "cliff", àpáta tàbí ilẹ̀ gíga tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, pàápàá ní etí òkun. Àwọn olùkọ́ a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọ̀rọ̀ tí í bá a rìn kí wọ́n kọ́ wọn sórí: "steep", "sheer", "rugged". Èyí wúlò fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí èdè náà ti ń ríran.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kíyèsí. Òyìnbó a máa sọ pé "cliff" dìde láti inú òkun, a sì tún máa sọ pé ohun kan náà já sísàlẹ̀. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó rí i pé ó dìde. Ẹni tí ó wà lókè ni ó rí i pé ó já. Orúkọ kan ni ó gba ìwò méjèèjì. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀: òkè ni lójú ẹni tí ń gbójú sókè, ọ̀gbun ni lójú ẹni tí ó dúró ní bèbè tí ó ń wò ó nísàlẹ̀.

Ibi tí èyí ti di ìṣòro gan-an ni ìran kẹfà apá kẹrin King Lear, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí 1605 sí 1606. Wọ́n ti yọ ojú Gloucester, ó sì fẹ́ lọ kú ní Dover, níbi tí ògiri ẹfun funfun ti ga ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ létí òkun. Edgar ni ó ń fà á lọ́wọ́, Gloucester kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ni. Ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ń rìn. Edgar ní ó ga, àní ó lo "steep" gan-an. Kò wọ baba náà létí. Ìgbà tí ó sọ pé kannakánná tí ń fò nísàlẹ̀ kò ju kòkòrò lọ, pé àwọn apẹja rí bí eku, pé ariwo omi kò lè gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn, ni afọ́jú gbà pé òun ti dé bèbè. Ọ̀gbun ni Edgar fi ẹnu gbẹ́ síwájú rẹ̀.

Gloucester ṣubú síbi tí ó dúró sí. Edgar yí ohùn padà, ó di ẹlòmíràn nísàlẹ̀, ó ní òpó ọkọ̀ mẹ́wàá tí a tò léra kò tó gíga ibi tí ó ti já bọ́. Ọ̀gbun ti di òkè. Ògbufọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dé ìparí ìran náà ti ba ẹ̀tàn Edgar jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gloucester kò wá ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀.

Thomas Hardy, nínú A Pair of Blue Eyes (1873), ṣe bí awọnlẹ̀: ó ní àpáta tirẹ̀ tó 650 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì fi í wé àwọn mìíràn ní etíkun. Òǹkà yìí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ẹ̀rù dé nígbà tí Knight so rọ̀ lára àpáta náà, tí ojú rẹ̀ ko ojú ẹ̀dá omi kan tí ó ti di òkúta láti àìmọye ọdún. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ojú àpáta, ọ̀tọ̀ ni èyí tí a fi ń pe ojú tí ń ríran. Ní Yorùbá, ojú ni méjèèjì.