Ibi Tí Síídì Parí Sí

Nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ síídì bá ní òun ti parí, tí àwo náà sì yọ síta, ohun kan ṣoṣo ló dájú: iná lésà ti rìn dé ibi tí wọ́n rán an dé. Bóyá ohun tó wà lójú síídì bá fáìlì ISO tó ti wá mu, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo orúkọ àwọn fáìlì orí rẹ̀, wọn á ṣí ọ̀kan tàbí méjì, wọn á ní ó ti tó. Ẹni tó fẹ́ fi í gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí báìtì kan tó yí padà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró lágbedeméjì. Ṣe ló máa ń ka síídì náà padà látòkèdélẹ̀, kó lè fi ohun tó kà wé fáìlì.

Kíkà kò le. Mímọ ibi tí kíkà máa dúró sí ni iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń mọ ẹni tó mọṣẹ́.

Fáìlì mọ gígùn ara rẹ̀ dórí báìtì tó kẹ́yìn. Síídì ò mọ̀ ju búlọ́ọ̀kù lọ. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gba 2,352 báìtì lójú àwo, ṣùgbọ́n 2,048 péré ni ti dátà wa. Nínú ìyókù, 4 ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé àṣìṣe wọlé, 276 ló fi ń tún un ṣe. Síídì 80 ìṣẹ́jú gba 360,000 búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́nà TAO (Track At Once), ẹ̀rọ tún máa ń fi búlọ́ọ̀kù méjì tí kò ṣeé kà sí ìdí rẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá ní kí ètò dd ka síídì títí yóò fi tán, méjì yìí ni yóò lọ forí sọ. Linux á kígbe pé "Input/output error", olúwarẹ̀ á sì ju síídì tó pé pérépéré sáàtàn. Mo rò pé síídì rere tó ti bá irú ẹ̀sùn yìí lọ kò kéré.

Linux tún ní ìkánjú tirẹ̀: a máa ka búlọ́ọ̀kù tó wà níwájú kí a tó bi í, ariwo ìdí síídì sì lè gbé búlọ́ọ̀kù tó dára mì. Nítorí èyí ni àwọn ètò kan ṣe ń fi òdo kún ìdí síídì kí kíkà lè rí àyè dúró. Síídì á wá gùn ju fáìlì lọ. Dífídì pàápàá, búlọ́ọ̀kù 16 ló ń dì pọ̀; bí fáìlì ò bá kún ìdì tó kẹ́yìn, ẹ̀rọ á fi nǹkan dí àyè tó ṣẹ́ kù.

Èènì dára nídìí gàrì. SHA-256 ò gbà á. Gbogbo báìtì tí a bá kó fún un ló ń sọ di òǹtẹ̀ kan tó ní àmì 64, òdo kan ṣoṣo tó bá sì lé, òǹtẹ̀ mìíràn pátápátá ló máa jáde.

Nítorí náà, onímọ̀ a kọ́kọ́ bi fáìlì ní gígùn rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 681,574,400 báìtì, ó pín in sí 2,048, ó di 332,800. Ìpín náà gbọ́dọ̀ pé láìṣẹ́kù. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kò tíì kan síídì, fáìlì ni ká fura sí pé kò wọlé tán látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ báyìí:

dd if=/dev/sr0 bs=2048 count=332800 | sha256sum

Kò sí ohun tó jókòó lásán nínú àṣẹ yìí. Count yẹn ló ń sọ fún dd pé, "Dúró níbí, ohunkóhun tí ò báà wà níwájú." Àwọn kan ń bi síídì fúnra rẹ̀: ìlànà ISO 9660 ti kọ iye búlọ́ọ̀kù sínú búlọ́ọ̀kù 16, àṣẹ isoinfo -d á sì kà á jáde. Ó wúlò bí fáìlì ò bá sí nítòsí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ISO òde òní tó tún ń ṣiṣẹ́ lórí fláàṣì lè ní nǹkan lẹ́yìn òpin tí búlọ́ọ̀kù 16 sọ. Gígùn fáìlì ni mo fọkàn tán.

Kó tó tẹ àṣẹ náà, ó yọ síídì jáde, ó tún tì í wọlé. Ìṣe kékeré tó wù mí jù nìyí. Láìṣe bẹ́ẹ̀, Linux lè mú ohun tó ṣì wà nínú RAM fún wa, kó má tilẹ̀ wo ojú síídì. Bó bá rí kọ̀ǹpútà mìíràn, ibẹ̀ ni yóò ti kà á, torí ẹ̀rọ lè ka ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ tí ẹ̀rọ mìíràn ò ní lè kà.

Ìwé SHA256SUMS tí Debian ń gbé jáde ló ń fi òǹtẹ̀ náà wé, lẹ́yìn tó ti fi ètò gpg wo ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń lo MD5, iṣẹ́ Ronald Rivest tó jáde ní 1992. Láti 2004 ni ayé ti rí i pé fáìlì méjì tó yàtọ̀ lè ní òǹtẹ̀ MD5 kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni ibi ló lè ṣe ìyẹn. Fún síídì tí kò kọ dáadáa, MD5 ṣì tó o.

Bí òǹtẹ̀ ò bá bára mu, ètò cmp ló kàn. Ó ń fi báìtì wé báìtì, á sì dárúkọ èyí tó kọ́kọ́ yàtọ̀. Onímọ̀ yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà náà, torí láti 1 ni cmp ti ń kà, ó pín in sí 2,048, búlọ́ọ̀kù bá jáde. Láti inú ni síídì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ síta, nítorí náà búlọ́ọ̀kù 320,000 ti sún mọ́ etí tí ìka ń dì mú. Ṣùgbọ́n kì í sáré nu síídì. Ibi tí nǹkan ti ha tàbí tó dọ̀tí sábà máa ń mú dd pariwo, torí báìtì 4 wọ̀nyẹn ò jẹ́ kí ẹ̀rọ fi irọ́ fúnni. Bí kíkà bá lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ síbẹ̀ tí òǹtẹ̀ yàtọ̀, ó ṣírò count lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ó gbé òǹtẹ̀ fáìlì ISO ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra lórí fáìlì kan náà, síídì ti bọ́ nínú ẹjọ́; RAM ni yóò lọ yẹ̀ wò.