Ẹni tí Àmì-ẹ̀yẹ MVP Tọ́ Sí

Bí sáà líìgì NBA ti Amẹ́ríkà bá ti ń lọ sópin ní oṣù Ẹrẹ́nà, iyàn kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n: ta ni àmì-ẹ̀yẹ MVP tọ́ sí lọ́dún yìí? Ní Ìwó tiwa níbí, tí Yunifásítì Bowen ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti oríṣiríṣi ìlú, iyàn náà kì í ṣe àjèjì. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò létòlétò, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ja iyàn yìí láìmọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tó ń gbà á.

Àmì-ẹ̀yẹ yìí wà fún agbábọ́ọ̀lù tó wúlò jù lọ láàrin sáà kan. Sáà 1955–56 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Bob Pettit ti ẹgbẹ́ St. Louis Hawks ló sì kọ́kọ́ gbà á. Nígbà náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló ń dìbò. Láti sáà 1980–81 ni ìbò ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá. Olúkúlùkù wọn á to orúkọ márùn-ún: ẹni àkọ́kọ́ á gba máàkì 10, ẹnì kejì 7, ẹnì kẹta 5, ẹnì kẹrin 3, ẹnì karùn-ún 1. Eré 82 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú sáà nìkan ni wọ́n ń wò. Ohun tí ènìyàn bá ṣe nínú àwọn eré tó ń tẹ̀lé sáà títí dé àṣekágbá kò sí nínú ìṣirò, nítorí wọ́n ti dìbò tán kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀; àmì-ẹ̀yẹ ọ̀tọ̀ ti wà fún àṣekágbá láti 1969.

Líìgì náà kò sọ ohun tí ìwúlò jẹ́, ibẹ̀ sì ni iyàn ti ń wá. Àwọn kan ní ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ tó borí jù ni. Àwọn kan tún ní kí a yọ ènìyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a wo ohun tó kù. Ní sáà 1961–62, Wilt Chamberlain ń jẹ pọ́ìǹtì 50.4 nínú eré kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jálẹ̀ sáà, síbẹ̀ Bill Russell ti Boston, tí tirẹ̀ jẹ́ 18.9, ni àwọn agbábọ́ọ̀lù dìbò fún. Ẹgbẹ́ Russell borí nínú eré 60 lọ́dún náà, òun ló sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn wọn. Mo gbà pé àwọn tó ń bá a pàdé lábẹ́ agbọ̀n mọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Ó yẹ kí àwa tó ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn fi èyí sọ́kàn. Ní àkókò òtútù Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ eré sáà máa ń bọ́ sí, wákàtí mẹ́fà ni aago Ìwó fi ṣáájú ti New York. Eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ lọ́hùn-ún, aago kan ààbọ̀ òru ni níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sùn. Èsì la máa ń jí bá lórí fóònù, pọ́ìǹtì ló sì máa ń wà lókè èsì. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka olè tó rí ọdẹ àdúgbò lókèèrè tó sì pẹ̀yìn dà? Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó ń kọ iye alátakò tó wo ẹni tó dúró lábẹ́ agbọ̀n, tó sì gbé bọ́ọ̀lù padà. Ìdí nìyí tí iyàn wa fi máa ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ pọ́ìǹtì.

Hakeem Ọlájùwọ́n ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ wo ìhà méjèèjì. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 21 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1963. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers College, gólì ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń gbá hándíbọ́ọ̀lù. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Lọ́dún 1984, Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA. Ipò kẹta ni wọ́n mú Michael Jordan. Kí Hakeem tó fẹ̀yìn tì, ó ti gbá bọ́ọ̀lù 3,830 dànù mọ́ àwọn tó fẹ́ jù ú sáwọ̀n lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ NBA.

Ní sáà 1993–94, pọ́ìǹtì 27.3 ló ń jẹ nínú eré kan, ó ń mú bọ́ọ̀lù 11.9 tó ta padà lójú agbọ̀n, ó sì ń gbá 3.7 dànù. Ó gba MVP, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù. Nígbà tí Rockets sì borí New York Knicks nínú eré keje àṣekágbá, wọ́n tún fún un ní ti àṣekágbá. Àwọn kan ní àyè ló gbà á, nítorí pé Jordan ti fẹ̀yìn tì ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1993. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró. Jordan wà lórí pápá ní sáà tó ṣáájú. Charles Barkley ló gbé ipò kìíní nínú ìbò ọdún náà, Hakeem kejì, Jordan kẹta.

Ní 1995, David Robinson ti San Antonio Spurs ló gba MVP. Kò pẹ́ tí Hakeem fi pàdé rẹ̀ nínú eré mẹ́fà kí wọ́n tó dé àṣekágbá, tó ń jẹ pọ́ìǹtì 35.3 nínú eré kan, tí Rockets sì lé Spurs jáde. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń sọ pé wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ náà fún ẹni tí kò tọ́ sí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wa ni Hakeem, n kò fara mọ́ ọn. Spurs borí nínú eré 62 ní sáà náà, Rockets 47. Ohun tí Robinson ṣe nínú sáà ni wọ́n dìbò sí.

Irú iyàn kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ ní 2019 lórí Giannis Antetokounmpo ti Milwaukee Bucks, tí wọ́n bí sí Athens, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìgbò. James Harden ti Houston ń jẹ pọ́ìǹtì 36.1 nínú eré kan, Giannis ń jẹ 27.7. Nínú ìbò 101, 78 fi Giannis sí ipò kìíní, 23 fi Harden síbẹ̀. Ìdájọ́ náà tọ́ lójú mi: Bucks ló borí jù lọ nínú líìgì lọ́dún náà, Giannis ń jẹ níwájú, ó sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ní 2020, ó gba MVP lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún gba ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù. Ṣáájú rẹ̀, ẹni méjì péré ló ti gba méjèèjì pọ̀ nínú sáà kan: Michael Jordan ní 1988, àti Hakeem ní 1994.